Bí Mo Ṣe Tẹ̀ Lé Ẹjọ́ Orúnkún Mi Nígbà Tí Adájọ́ Dá A Padà

Nígbà tí lẹ́tà dé láti Board of Veterans' Appeals, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà "remand", ìyẹn dídá ẹjọ́ padà, ni ojú mi kọ́kọ́ bá, àyà mi sì já. Mo ké sí ìyàwó mi ní ilé ìdáná pé wọ́n tún ti já wa kulẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ kò dá mi láre, kò sì dá mi lẹ́bi. Ohun tó sọ ni pé iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dá mi lóhùn kò pé, kí wọ́n lọ ṣe é.

Mẹkáníìkì ni mo jẹ́ nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ní Iraq, lọ́dún 2008, mo bẹ́ láti orí tírọ́ọ̀kì lóru, orúnkún ọ̀tún mi sì yí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà níbẹ̀ ló fi báńdéèjì dì í. N kò lọ sọ́dọ̀ dókítà, torí àwọn ọkọ̀ wa máa gbéra láàárọ̀, ta ni yóò tún wọn ṣe? Nígbà tí mo wá béèrè owó gbà-má-bínú lẹ́yìn ọdún pípẹ́ lọ́wọ́ VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, dókítà tó yẹ̀ mí wò kọ ọ́ pé kò sí àkọsílẹ̀ kankan nínú fáìlì mi, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ ológun ló fà á. Wọ́n bá kọ̀.

Ọdún kan péré ni òfin fún èèyàn láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Mo fi Fọ́ọ̀mù 10182 ránṣẹ́. Adájọ́ rí i pé dókítà náà kò tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ẹnu mi sí, bẹ́ẹ̀ èèyàn lè jẹ́rìí sí ohun tí ara òun fúnra rẹ̀ rí.

Ìparí ìwé adájọ́ ni kí ẹ fara balẹ̀ kà, níbi tó ti to ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Mo fi bírò pupa fàlà sí gbogbo rẹ̀. Láti 1998, nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Stegall, ni ilé ẹjọ́ tó wà fún ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun ti sọ pé ẹ̀tọ́ olùpẹ̀jọ́ ni kí wọ́n tẹ̀ lé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹjọ́ bá padà báyìí, fáìlì tún ṣí fún ẹ̀rí tuntun. Mo pe ọ̀rẹ́ mi, ó kọ tirẹ̀ sínú Fọ́ọ̀mù 21-10210. Ó rántí jù mí lọ. Ó ní orúnkún náà wú débi pé òun ní láti fi ọ̀bẹ la ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi.

Wọ́n fún mi ní ọjọ́ àyẹ̀wò mìíràn. Ẹ má ṣe pa á jẹ láéláé. Dókítà obìnrin ni mo bá lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi ìlà pupa àti lẹ́tà ọ̀rẹ́ mi hàn án. Ó ní kí n tẹ orúnkún, ó gbé ohun ìwọ̀n kékeré kan lé e láti fi mọ ibi tó lè tẹ̀ dé. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé, ọkùnrin a máa fara da ìrora, n bá sì ti tẹ̀ ẹ́ débi tó le jù. Ṣùgbọ́n mo dúró gan-an níbi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀, mo sì sọ ọ́.

Ó kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe, ó kéré tán ìdajì sí ìdajì, pé iṣẹ́ ológun ló fà á. Bí òṣùwọ̀n bá sì dọ́gba, ẹni tó jagun ni òfin máa ń gbè.

Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fún mi fún àìlera orúnkún náà, òun ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó náà. Nítorí pé n kò jẹ́ kí gbèdéke kankan kọjá, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ béèrè ni wọ́n ti ka owó náà. Ọ̀rẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ pè.