Ilà C yọ kò ní kíìtì dára: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí àyẹ̀wò ibà

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi kíìtì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà ni mo ń gbọ́ ọ ní láàbù: "Ilà C ti yọ, kíìtì yìí dára." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbára lé e. Ohun tí ilà C, tó máa ń yọ yálà ibà wà tàbí kò sí, ń sọ kò ju pé omi ti ṣàn dé òkè. Ooru lè ti ba èròjà tó wà ní ojú ilà T, èyí tó ń yọ bí ibà bá wà, jẹ́, kí ilà C ṣì yọ kedere. Ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná á wá gba "kò sí ibà" lọ sílé.

Ooru yìí ni ọ̀pọ̀ ò kà sí. Kíìtì mìíràn ò gbọdọ̀ kọjá 30°C, òmíràn 40°C. Ó wà lára páálí. Síbẹ̀, abẹ́ páànù ní kẹ́míìsì ni wọ́n ń tò wọ́n sí, tàbí inú bútù ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti omi inú ìgò kékeré tó bá kíìtì wá. Bó bá tán, wọ́n á kán omi ẹ̀rọ tàbí omi dírípù sí i. Ilà T lè yọ láìsí ibà rárá! Ẹ má sì mú ìgò inú páálí kan lo fún òmíràn.

Bí wọ́n bá ní ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 ni kẹ́ ẹ kà á, ẹ má padà wá wò ó lẹ́yìn wákàtí kan.

Ẹ má fi kíìtì tó ń wá HRP2 (èròjà tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀) yẹ aláìsàn wò bóyá oògùn ti ṣiṣẹ́. HRP2 lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti lọ. Maikirosikópù la fi ń wo ìyẹn.

Páálí ńkọ́? Wọ́n ti jù ú nù. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ LOT (ìyẹn nọ́ńbà àwọn kíìtì tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) lára rẹ̀ ló lè sọ ibi tí kíìtì tó ń purọ́ ti wá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò, pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí páálí. Bí èsì bá ń ta ko ohun tí maikirosikópù rí, ẹ ya èyí tó kù sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà náà fẹjọ́ ẹni tó tà á sun NAFDAC àti MLSCN, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ láàbù ní Nàìjíríà. Láti ọdún 2003 ni òfin ti fún MLSCN lágbára lórí èròjà àyẹ̀wò tí wọ́n ń kó wọ̀lú. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.