Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ́ sáìtì ìwé àlàyé fún èdè kọ̀ǹpútà

Èdè kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fẹ́ràn ò ní ìwé àlàyé gidi, ẹ̀yin mélòó kan wá pinnu pé ẹ máa jọ kọ ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ jókòó ti àwọ̀ àti lógò o, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti máa ń há sí, oṣù mẹ́ta á kọjá, ojú ìwé iwájú á máa dán gbinrin, ẹni tó wá kọ́ èdè náà ò sì tíì rí ìlà kọ́ọ̀dù kan tó lè dà kọ. Ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, ìyẹn bí àlejò tó rí àṣìṣe bíńtín lójú ìwé yín ṣe máa tún un ṣe fúnra ẹ̀ kó tó bínú lọ.

Fáìlì Markdown lásán (ọ̀rọ̀ tí àmì díẹ̀ ń fi àkọlé àti kọ́ọ̀dù hàn) ni kẹ́ ẹ fi kọ gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ kó o sínú Git, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tẹ́ ẹ bá ṣe sí fáìlì, kẹ́ ẹ wá mú ẹ̀rọ kan tí á máa sọ ọ́ di sáìtì. MkDocs wà, Docusaurus tó wá látọ̀dọ̀ Facebook wà, mdBook táwọn ará Rust fi ń ṣe ìwé tiwọn wà, Sphinx náà wà tó jẹ́ torí ìwé Python ni wọ́n ṣe ṣe é, tó jáde lọ́dún 2008. Èyí tó bá wù yín ẹ mú, ẹ má jà lé e lórí. Tó bá jẹ́ MkDocs, ẹ ṣí fáìlì mkdocs.yml, ẹ kọ àdírẹ́sì Git yín síwájú repo_url, kẹ́ ẹ wá kọ eléyìí sábẹ́ ẹ̀:

edit_uri: edit/main/docs/

Ẹ má fo ìlà yẹn. Tẹ́ ẹ bá fò ó, MkDocs á gbà pé master lorúkọ branch yín (ẹ̀ka tí fáìlì yín wà nínú Git), bẹ́ẹ̀ main ni GitHub, sáìtì táwọn èèyàn ń kó iṣẹ́ Git wọn sí, ń sọ branch àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ tuntun látọdún 2020, líǹkì àtúnṣe á wá gbé àlejò lọ sí 404, ìyẹn ojú ìwé tó ń sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀, kò sì ní padà wá.

Ibi tó ká mi lára jù ni àpẹẹrẹ kọ́ọ̀dù. Mo ti lo odindi alẹ́ kan rí lórí ìlà mẹ́rin tí mo dà kọ látinú ìwé èdè kan, ẹ́rọ̀ ni mo ń rí ṣáá, mo rò pé kọ̀ǹpútà mi ni ò dáa, mo tún gbogbo ẹ̀ gbé sórí ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tó yá ni mo rí i pé wọ́n ti yí orúkọ function kan nínú ẹ̀ (àkójọ àṣẹ tí wọ́n sọ lórúkọ) padà tipẹ́, ìwé nìkan ni ò gbọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ò ní mọ̀ pé ìwé ló jẹ̀bi, ara ẹ̀ ló máa dá lẹ́bi, á ní òun ò ní ọpọlọ iṣẹ́ yìí, á sì fi í sílẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Torí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dán gbogbo àpẹẹrẹ wò. Rust ń ṣe é: tẹ́ ẹ bá ti tẹ àṣẹ cargo test, àpẹẹrẹ inú àlàyé library yín (kọ́ọ̀dù tí prógíráàmù míì lè lò) náà á ṣiṣẹ́ bíi tèsìtì yòókù. Python ní doctest tó ń ṣe irú ẹ̀. Tí tiyín ò bá ní nǹkan kan, ẹ kọ script, ìyẹn prógíráàmù kékeré, tó máa ka fáìlì kọ̀ọ̀kan, kó yọ kọ́ọ̀dù tó wà láàárín backtick (àmì `) mẹ́ta sí mẹ́ta, kó mú un ṣiṣẹ́, kó fi èsì ẹ̀ wé èyí tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ so ó mọ́ GitHub Actions, tí á máa mú un ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti yí nǹkan padà, tí àpẹẹrẹ kan bá kọsẹ̀, kí sáìtì má jáde.

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó, ẹ má da ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé tí ọ̀gá fi ń yẹ orúkọ function wò, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fẹ́ kẹ́ ẹ di òun lọ́wọ́ mú látorí install títí dórí prógíráàmù kékeré kan tó ṣiṣẹ́, ọ̀gá fẹ́ rí ìdáhùn kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí search wà. Kí nọ́ńbà version wà lókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, torí Google á máa gbé ìwé àtijọ́ wá fáwọn èèyàn láìsọ fún wọn.

GitHub Pages tàbí Read the Docs á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá ti jẹ́ open source, ìyẹn iṣẹ́ tẹ́nikẹ́ni lè rí kó sì lò. Àmọ́ domain, ìyẹn orúkọ sáìtì yín, ẹ má fi sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí èèyàn mẹ́ta ó kéré tán lè wọlé síbẹ̀, torí èèyàn ń kó lọ, iṣẹ́ ń gba èèyàn lọ́wọ́, domain á sì parí láìsẹ́ni tó mọ̀. Ẹ mú licence náà (ìwé àṣẹ tó sọ báwọn èèyàn ṣe lè lo iṣẹ́ yín) lọ́jọ́ àkọ́kọ́, CC BY, tó ní kẹ́nikẹ́ni lò ó tó bá ti dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, bíi ti ìwé èdè PHP dáa, torí tí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ti bá yín kọ nǹkan síbẹ̀, gbogbo wọn lẹ máa wá kiri gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó lè yí i padà.

Kẹ́ ẹ sì fi ẹnì kan ṣọ́ pull request, ìyẹn àtúnṣe táwọn èèyàn fi ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ gbà wọlé, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa gbà á ṣe. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá, bó jẹ́ lẹ́tà kan péré ló tún ṣe, ẹ dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn, ẹ dúpẹ́, ẹ gbà á wọlé. Kẹ́ ẹ wá bi í pé ibo ló ti rú u lójú jù nígbà tó ń kọ́ èdè náà, kẹ́ ẹ sì ní kó bá yín kọ ojú ìwé yẹn.