Bí A Ṣe Jọ Kọ Ìran Ìjọ Wa Sílẹ̀ ní Ìkéré-Èkìtì

Nígbà tí àlùfáà tí bíṣọ́ọ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ìjọ wa ní Ìkéré-Èkìtì ní kí n ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí yóò kọ ìran ìjọ sílẹ̀, ìyẹn ohun tí a gbà pé Ọlọ́run fẹ́ kí ìjọ wa ṣe lọ́jọ́ iwájú, mo kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ìran náà ti wà lọ́kàn wọn, àbí gbogbo ìjọ ni yóò jọ wá a. Wọ́n ní apá kan wà lọ́kàn àwọn, ṣùgbọ́n àwọn kò ní í sọ ọ́ títí àwọn yóò fi gbọ́ ti ìjọ. Lójú tèmi, orí ìpinnu yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Bí ìránṣẹ́ Ọlọ́run bá ti sọ ohun kan lórí àga ìwàásù, ta ni yóò tún dìde sọ ohun mìíràn? Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn yóò kàn ṣe àmín, yóò sì fà sẹ́yìn nígbà tí iṣẹ́ bá délẹ̀.

A kò pe ìpàdé gbogbogbòò. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a lọ bá lákòókò tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. A bá àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, nítorí pé àárọ̀ Sátidé tí àwọn àgbà fẹ́ràn fún ìpàdé ni iṣẹ́ pọ̀ jù fún àwọn onídìrí, télọ̀ àti ọlọ́kadà tí ó wà láàárín wọn. Ìbéèrè mẹ́ta ni a gbé síwájú gbogbo ẹgbẹ́. Kí ni Ọlọ́run ti ṣe láàárín wa tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó parun? Ta ni ó wà ní àdúgbò wa tí ìjọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Kí ni olúkúlùkù ṣe tán láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Ìbéèrè kẹta ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù, nítorí ó rọrùn fún ènìyàn láti to iṣẹ́ jọ fún ẹlòmíràn.

Ọ̀dọ̀ àwọn Ìyá Ìjọ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Gbọ̀ngàn tuntun, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ni a ń sọ nígbà tí ìyá àgbà kan tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún fi ọ̀pá wọn ti ẹ̀gbẹ́ àga, tí wọ́n wí pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò bá gbọ̀ngàn jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ dá mi dúró sílé, ọmọ aládùúgbò tí kì í ṣe ará ìjọ wa ni ó ń pọn omi fún mi." Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo sì kà á padà sí etígbọ̀ọ́ wọn. Wọ́n ní kí n fi kún un pé àwọn ará ìjọ wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó wo inú àmù. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ kí a sọ gbogbo rẹ̀ di "ètò ìtọ́jú àwọn arúgbó." Mo kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ti àmù ti mọ ohun tí yóò ṣe kí ó tó kúrò nílé ẹni tí ó lọ bẹ̀ wò.

Láàárín àwọn Bàbá Ìjọ, ọ̀rọ̀ aṣáájú ni ó gba àkókò jù. Olùkọ́ kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì rán wa létí Èkìtì Parapọ̀, ìṣọ̀kan àwọn ìlú Èkìtì àti àwọn aládùúgbò wọn, nígbà ogun Kírìjì tí wọ́n bá Ìbàdàn jà, bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ní ọba tirẹ̀, síbẹ̀ tí Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí, tí ó ti ń ṣáájú, gbà kí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ṣe olórí ogun. Wọ́n tún ní lẹ́yìn ogun náà, tí a ti ṣe àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, àwọn ọmọ Èkìtì tí a ti kó lẹ́rú, tí wọ́n sì ti di Kristẹni níbi tí wọ́n wà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ìhìnrere wọ àwọn ìlú wa. Ìtàn kejì yìí ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi wọ́n joyè àlùfáà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Àríyànjiyàn tí ó le jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìjọ tí ń gbé ní Èkó àti Àbújá. Àwọn ni wọ́n ń fi owó gbọ̀ngàn ránṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ kí ó ṣáájú ohun gbogbo. N kò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n mo gbà pé owó kò gbọ́dọ̀ gba ipò ìjọ. Nígbà tí wọ́n wálé fún ọdún Àjíǹde, àlùfáà kó wọn jọ, wọn kò sì bá wọn jiyàn. Wọ́n kàn ní kí n ka ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ. Bí mo ti ka ti àmù tán, ọ̀kan nínú wọn ní ìyá òun náà ń dá gbé nínú ìlú yìí. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti rọ̀. Gbọ̀ngàn kò kúrò nínú ìran wa, ṣùgbọ́n ó wá lẹ́yìn ìtọ́jú àwọn arúgbó àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé.

Ojú ewé kan péré ni a kọ, lédè Yorùbá, nítorí pé Hábákúkù orí kejì ní kí a kọ ìran náà kí ó hàn gbangba, kí ẹni tí ń kà á lè máa sáré. A kà á fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i, a sì tún un ṣe kí ó tó dé iwájú gbogbo ìjọ.

Ní ti àwọn tí yóò ṣáájú iṣẹ́, Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí kẹfà ni a tẹ̀ lé. Nígbà tí àwọn Júù tí ń sọ èdè Gíríìkì ń ráhùn pé a gbàgbé àwọn opó wọn nínú ìpín ojoojúmọ́, àwọn àpósítélì kò fúnra wọn yan àwọn méje náà. Wọ́n ní kí ìjọ wá wọn, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé wọn. Àwọn Ìyá Ìjọ ni wọ́n yan ẹni tí yóò ṣáájú ìtọ́jú àwọn arúgbó. Onídìrí kan láàárín àwọn ọ̀dọ́ ni, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ wá sọ́kàn àwa ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn ìyá mọ̀ dáadáa nítorí ó ti ń yọjú sí wọn láìsí ẹni tí ó rán an. Àlùfáà gbé ọwọ́ lé e níwájú ìjọ. Ó ní ìwé kan lọ́wọ́ báyìí tí ó ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bẹ̀ wò sí, ẹni tí ó lọ, ohun tí ó ṣẹ́ kù láti ṣe àti ẹni tí yóò ṣe é. Ìgbìmọ̀ ìjọ ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lóṣooṣù, kí a tó kan ọ̀rọ̀ owó gbọ̀ngàn.