Bí mo ṣe wá ìlà kóòdù tí merge gbé mì

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Adó-Ékìtì ni èmi àti àbúrò kan jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún. Ètò náà ló ń ṣírò èlé orí ẹ̀yáwó. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Màmá Akápò pè wá: owó ìtanràn àwọn tó pẹ́ san ẹ̀yáwó kò jáde mọ́. "Ṣé ẹ ti dárí jì wọ́n ni?"

Àbúrò ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣí pull request iṣẹ́ ìtanràn náà lórí GitHub, ìyẹn ojú ewé tí a ti ń béèrè pé kí wọ́n da kóòdù tuntun pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀ (ìdàpọ̀ yẹn ni merge): "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ìlà owó ìtanràn rèé, àwọ̀ ewé rekete."

Òótọ́ ló sọ, àwọ̀ ewé ni ìlà tí a fi kún un, pupa ni èyí tí a yọ. Àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín orí branch náà (ẹ̀ka tí wọ́n kọ iṣẹ́ ìtanràn sí lọ́tọ̀) àti ibi tó ti yà kúrò lára main (ẹ̀ka àgbà) ni GitHub ń fi hàn níbẹ̀. Ojú ewé yẹn kò mọ ohun tí ẹni tó ṣe merge mú àti ohun tó jù nù. Tó bá da gbogbo rẹ̀ nù, ìlà àwọ̀ ewé á ṣì wà níbẹ̀.

Mo bọ́ sí terminal, níbi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù. Nínú `git log -p` fáìlì tí ìlà náà yẹ kó wà, commit (àkọsílẹ̀ àyípadà) owó ìtanràn kò sí rárá, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó kọ ọ́ rí. Òbí ni commit tó ṣáájú òmíràn tààrà. Bí fáìlì bá bá ti òbí kan mu pátápátá lẹ́yìn merge, ìtàn òbí yẹn nìkan ni Git máa ń tẹ̀ lé. Mo fi `--full-history` kún un, ló bá yọjú.

Mo wá mú nọ́ńbà merge náà, mo fi `git show` wò ó. Orúkọ ẹni tó ṣe é, àwọn òbí méjì, ọjọ́, ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó parí. Kò sí ìlà kóòdù kankan.

"Ẹ̀gbọ́n, merge yìí ò yí nǹkan kan padà o."

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dúró nìyẹn. Commit lásán ní òbí kan ṣoṣo, kò sí àríyànjiyàn nípa ohun tá a ó fi í wé. Merge ní méjì, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà Git gbọ́dọ̀ yan ohun tó máa fi hàn. Ibi tí àbájáde bá ti yàtọ̀ sí ti gbogbo òbí nìkan ni `git show` máa ń fi hàn. Ó dà bí àgbà tó parí ìjà, tó jẹ́ pé ibi tí kò ti gba tẹnikẹ́ni nìkan ló ń ròyìn. Bí ẹ bá rí `@@@` dípò `@@`, tí àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò tò sí òpó méjì níwájú ìlà, òun nìyẹn: òpó kìíní fún òbí kìíní, ìkejì fún ìkejì. Tiwa kò ní èyíkéyìí, torí pé ẹni tó ṣe merge ti mú fáìlì main lódindi pẹ̀lú `git checkout --ours`.

`git show -m` fi merge náà wé òbí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lábẹ́ òbí kejì, ìlà ìtanràn jáde ní àwọ̀ pupa, àmọ́ ó dàrú mọ́ àwọn nǹkan míì tí main ti ṣe. Èyí tó wù mí jù ni `git show --remerge-diff`, tó ti wà nínú Git láti ẹ̀yà 2.36, ti ọdún 2022. Git á tún merge náà ṣe fúnra rẹ̀, á wá fi wé èyí tí èèyàn fi pamọ́. Àmì `<<<<<<<`, tí Git máa ń fi sí ibi tí ẹ̀ka méjì bá ti kọlu ara wọn, jáde ní pupa, gbogbo ìlà ìtanràn sì wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé èèyàn ló yọ ọ́. Èmi ì bá ní kí Git máa fi èyí hàn láìjẹ́ pé a bi í.

Àbúrò fẹ́ tún branch náà merge. Git dá a lóhùn: "Already up to date." Commit náà ti wà nínú ìtàn main, bí kóòdù rẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. `git cherry-pick`, tó ń mú àyípadà inú commit kan ṣoṣo wá sórí ẹ̀ka tá a wà, la lò. Ó kọlu ibi kan náà, níbi tí main ti yí iye èlé padà, a sì jẹ́ kí ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúró.

Màmá Akápò tún ìṣirò náà ṣe lọ́sàn-án, ó sì jáde bó ṣe yẹ. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àwọn onígbèsè gbọ́ pé ó sọnù rí o."