Bí mo ṣe so ìṣàwárí ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ìbéèrè SQL nínú ìjábọ̀ òwò

Gbólóhùn kan péré ni ọ̀gá mi fi dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀: "Èló la pàdánù lórí àwọn ẹ̀rọ tí oníbàárà dá padà torí pé kò gba iná?"

Mo ní kò le. Iye owó wà nínú dátábéèsì (ibi tí a ń tọ́jú dátà sí; SQL ni èdè tí a fi ń bi í ní ìbéèrè), ọjọ́ tí wọ́n dá ẹ̀rọ padà náà wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo wá ìdí tí wọ́n fi dá a padà ni ojú mi là. Kò sí òpó kankan tó ń jẹ́ ìdí. Àròyé ló wà níbẹ̀, èyí tí àwọn oníbàárà fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe bá ẹnu wọn, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ìdajì ìdáhùn wà nínú nọ́ńbà, ìdajì yòókù wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn.

Ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ ṣe lèmi náà ṣe: LIKE '%charging%', ìyẹn ni pé kí SQL wá ibi tí "charging" bá ti wà, ohun yòówù kó ṣíwájú tàbí kó tẹ̀ lé e. Ìjábọ̀ ń yí, ó ń yí. Mo lọ mu omi, mo dé, ó ṣì ń yí. EXPLAIN, àṣẹ tó ń fi hàn bí dátábéèsì ṣe ń wá ìdáhùn, ló tú àṣírí rẹ̀ fún mi: Seq Scan, kíka gbogbo ìlà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Atọ́ka ló ń jẹ́ kí dátábéèsì tètè rí nǹkan, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sì ni irú rẹ̀ tó ń jẹ́ B-tree fi ń mọ̀nà. Tí àmì % bá ti ṣíwájú, kò mọ ibi tí yóò gbà mọ́, dátábéèsì á sì máa ka ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé ẹni tó kọ "won't charge" kò sí nínú èsì rárá, torí pé LIKE kò mọ̀ pé "charge" àti "charging" jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Elasticsearch, ẹ̀rọ ìṣàwárí tó ní ẹ̀dà àwọn àròyé náà lọ́dọ̀, wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, mo bá yà síbẹ̀. Mo ṣe ìṣàwárí níbẹ̀, mo kó nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn àròyé tó bá a mu, mo sì kó wọn sínú IN ( … ) lọ́dọ̀ SQL, kó lè mú kìkì àwọn tó wà nínú àkójọ náà. Ó yára bí àṣá. Àmọ́ nígbà tí mo ka àwọn nọ́ńbà náà, 10,000 ni, géérégé, kò lé kan, kò dín kan. Nǹkan tó bá pé géérégé báyẹn nínú iṣẹ́ dátà, ẹ yáa fura sí i. Òdiwọ̀n tí Elasticsearch fúnra rẹ̀ fi sí èsì ìṣàwárí kan ni, àfi tí èèyàn bá yí i padà tàbí kó gba ọ̀nà mìíràn kó wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìṣàwárí ni kó gbé èyí tó dára jù síwájú. Ẹni tó ń wá nǹkan kan kì í sábàá kọjá ojú ewé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣírò owó, èyí tó kẹ́yìn ṣe pàtàkì fún un bí èyí tó ṣíwájú. Mo lè wá ọ̀nà kó gbogbo wọn lóòótọ́, àmọ́ àròyé tí a bá pa rẹ́ nínú dátábéèsì lè ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìṣàwárí fún ìgbà díẹ̀, ìjábọ̀ méjì á wá máa jiyàn níwájú ọ̀gá. Mo pinnu pé inú ilé kan náà ni kí ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà máa gbé.

PostgreSQL ni dátábéèsì tí a ń lò, ó sì ní ìṣàwárí tirẹ̀. Mo fi òpó kan kún tábìlì àròyé, irú rẹ̀ ni tsvector, èyí tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ fún ìṣàwárí, mo sì jẹ́ kí dátábéèsì máa kún un fúnra rẹ̀ (láti ẹ̀yà 12, ọdún 2019, ni òpó irú èyí ti wà). Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gé ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò: "charge", "charged" àti "charging" gbogbo wọn di "charg". Lẹ́yìn náà mo fi atọ́ka GIN sí i. Ẹ rántí atọ́ka ẹ̀yìn ìwé, tó ń kọ ọ̀rọ̀ kan tó sì ń to gbogbo ojú ewé tó wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Mo dán an wò pẹ̀lú "not charging", ó sì kó àwọn tó ń yìn wá wá fún mi, àwọn tó kọ pé ẹ̀rọ wọn ń gba iná dáadáa! Ètò èdè Gẹ̀ẹ́sì tó bá PostgreSQL wá máa ń ju àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké nù, "not" sì wà lára wọn. Nínú àròyé, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni gbogbo ẹjọ́. Mo ṣe àdàkọ ètò náà, mo pè é ní tiwa, mo sì fún un ní ìwé atúmọ̀ snowball (òun ló ń gé ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò) tí kò ní àkójọ ọ̀rọ̀ àjùnù. Ó ṣì ń gé ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò, àmọ́ kò ju ohunkóhun nù mọ́.

Mo so tábìlì ọjà tí wọ́n rà àti ti àròyé pọ̀ pẹ̀lú JOIN, tó ń mú ìlà ọjà kan bá gbogbo ìlà àròyé tirẹ̀, mo fi ìjábọ̀ ránṣẹ́, mo fọ́nnu díẹ̀. Kò pẹ́ tí màmá tó ń bójú tó àkáǹtì fi pè mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, owó tí o kọ síbí yìí ju gbogbo ohun tí a tà lóṣù yẹn lọ."

Ojú tì mí. Ẹni tó bínú kì í kọ àròyé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ra ẹ̀rọ tí iye rẹ̀ jẹ́ 200, tó kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta, JOIN sọ 200 náà di 600. DISTINCT, tó ń yọ àtúnwí kúrò, wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ SUM(DISTINCT) á tún pa ọjà méjì tí iye wọn bá dọ́gba pọ̀ sí ẹyọ kan. Ohun tí mo fẹ́ bi í ò ju pé: ǹjẹ́ àròyé irú èyí wà lórí ọjà yìí? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. EXISTS ló ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀:

SELECT r.osu, SUM(r.iye)
FROM rira r
WHERE r.da_pada
  AND EXISTS (
    SELECT 1 FROM aroye a
    WHERE a.rira_id = r.id
      AND a.awari @@ websearch_to_tsquery('tiwa', $1))
GROUP BY r.osu;

awari ni òpó tsvector yẹn, àmì @@ sì ń béèrè bóyá ó bá ohun tí a ń wá mu. $1 ni ohun tí èèyàn bá tẹ̀ sínú àpótí lójú ìjábọ̀, fún àpẹẹrẹ: "not charging" or "won't charge", pẹ̀lú àmì àyọlò rẹ̀, tó ń jẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ léra. Ẹ má ṣe lẹ ohun tí èèyàn tẹ̀ mọ́ ara SQL láé, torí ọ̀nà tí olè ń gbà wọlé nìyẹn. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi páràmítà, ìyẹn ní ọ̀tọ̀ sí ara SQL. Mo fẹ́ràn websearch_to_tsquery, tó ń sọ ohun tí èèyàn tẹ̀ di ìbéèrè ìṣàwárí, torí pé ohun yòówù kí èèyàn tẹ̀, kì í bú sẹ́kún àṣìṣe.

Wàhálà kan ṣẹ́kù lọ́dọ̀ sọ́fítíwíà ìjábọ̀ náà. Ó ti da dátà kọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kó lè yára, atọ́ka GIN mi kò sì bá a débẹ̀. Mo ní láti yí ojú ewé yẹn sí ìsopọ̀ tààrà, kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan máa dé dátábéèsì. Àwọn ojú ewé yòókù, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n.

Ní ti àṣìkọ, bíi "chargng", mo lo pg_trgm, àfikún PostgreSQL tó ń gé ọ̀rọ̀ sí lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta kó lè mọ èyí tó jọra. Kìkì láti dábàá ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń tẹ̀ ni mo lò ó. Mi ò jẹ́ kí "ó jọ ọ́" wọnú ìṣirò owó.

Mo fi ohun kan kún un nítorí màmá àkáǹtì: tí wọ́n bá tẹ iye owó oṣù kan, àwọn àròyé tó bí i á ṣí sílẹ̀ fún wọn láti kà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti fi méjì tí kò yẹ kó wọnú ìṣirò hàn mí. Ọ̀kan kọ pé ẹni tó ta ẹ̀rọ fún òun sọ pé "it is not charging" ni wọ́n fi dín owó rẹ̀ kù, bẹ́ẹ̀ ojú gíláàsì tó fọ́ ló mú kí òun dá a padà. Mo ti fi àpótí kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ àròyé kọ̀ọ̀kan báyìí, kí wọ́n lè yọ irú rẹ̀ kúrò fúnra wọn.