Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan sí Àfonífojì Antelope

Àfonífojì Antelope wà lẹ́bàá ìlú Page ní ìpínlẹ̀ Arizona, lórí ilẹ̀ àwọn ará Navajo, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ní ìjọba tiwọn, ẹnikẹ́ni kò sì lè wọ ibẹ̀ láìsí afinimọ̀nà tí ìjọba Navajo fún láṣẹ. Ẹ gba àyè yín sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìrìn, kí ẹ sì béèrè bóyá owó ìwọlé ti ìjọba Navajo wà nínú iye tí wọ́n dá lé yín, nítorí káàdì ìwọlé àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Apá méjì ni àfonífojì náà ní. Ilẹ̀ títẹ́jú ni Apá Òkè, ibẹ̀ sì ni ìtànṣán oòrùn ti máa ń já wọlé bí ọ̀pá nígbà tí oòrùn bá kàntàrí, láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Apá Ìsàlẹ̀ ní àkàbà irin tí a ń gùn sọ̀ kalẹ̀, ó sì há gádígádí. Bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn bá wà láàárín yín, Apá Òkè ni kí ẹ mú.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé omi ló gbẹ́ àfonífojì yìí. Àgbàrá tó ń gbé yanrìn bọ̀ láti orí ilẹ̀ gíga ló ń ha òkúta náà láti ayébáyé, títí ara rẹ̀ fi rí bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́, omi náà kò sì tíì dẹ́kun wíwá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, àgbàrá òjò tó rọ̀ sí ọ̀nà jíjìn ya wọ Apá Ìsàlẹ̀, ó sì pa àlejò 11. Àwọn àgbà ní àgbàrá kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n nínú ihò tóóró bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ènìyàn lè fi dí i lọ́nà, àfi kó má sí níbẹ̀ nígbà tó bá dé. Nítorí náà, bí wọ́n bá fagi lé ìrìn yín nígbà tí oòrùn ń ràn lórí yín, ẹ gbà fún wọn. Oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni òjò líle máa ń rọ̀ lójijì; èmi yóò yan oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà, tí ìtànṣán ti wà tí òjò náà kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún aago. Arizona kì í yí aago padà, ṣùgbọ́n ìjọba Navajo máa ń fi wákàtí kan sún tiwọn síwájú láti oṣù Kẹta sí oṣù Kọkànlá. Aago Arizona ni àwọn afinimọ̀nà ibẹ̀ ń lò, fóònù yín sì lè ṣàdédé gba ti Navajo. Ẹ fi ọwọ́ yín tò ó sí aago ìlú Phoenix, olú-ìlú Arizona.

Láti Las Vegas, ọkọ̀ ń rìn tó wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ní àlọ nìkan, nítorí náà kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kí ẹ gbéra. Láti Flagstaff, ó lé díẹ̀ ní wákàtí méjì. Wọn kì í gba àpò láàyè nínú àfonífojì náà. Fóònù, ìgò omi àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ ti tó.