Ibi Tí Agbára Ìbọn Kátíríìjì Mọ: Ìtọ́sọ́nà fún Ọdẹ Ìgbẹ́ Abẹ́òkúta

Ọkùnrin tó ta ìbọn ẹlẹ́nu méjì àkọ́kọ́ fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé yóò gbé ẹran ṣubú ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, mo sì gbà á gbọ́ fún ọdún kan gbáko. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ kan, nínú ìgbẹ́ tó wà lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá, mo yìnbọn sí ọ̀yà kan tó tó ọgọ́ta ìṣísẹ̀ sí mi. Ó ta gìjà, ó já wọ inú koríko gíga, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ kín-ún lára ewé, ṣùgbọ́n èmi àti ajá mi wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ kẹta, igún ló júwe ibi tó kú sí. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro oró, bó bá pẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Èmi ro ìṣẹ́, mo ro oró, igún ló jẹ ẹ́.

Ìbọn náà kò ní àléébù kankan. Èmi ni mi ò mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nǹkan méjì ló ń pa ààlà fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀, èkíní ni pé ọta rẹ̀ ń fọ́nká bó ṣe ń lọ, èkejì sì ni pé ọta wẹ́wẹ́ tètè máa ń rẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Bí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, fífẹ̀ ọta náà yóò di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n àyè tí ọta kan náà gbọ́dọ̀ bò yóò di ìlọ́po mẹ́rin, tí ó túmọ̀ sí pé ẹyẹ tí ọta mẹ́rìndínlógún ì bá bà ní mítà 20, bóyá ni mẹ́rin yóò bà á ní mítà 40. Ní ti eré, ọta nọ́ńbà 6 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ọta ṣe tóbi tó, bó bá ṣe kéré sí ni ọta ṣe tóbi sí) máa ń jáde lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú eré tó tó mítà 380 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àmọ́ kí ó tó dé nǹkan bíi mítà 37, eré yẹn ti ń súnmọ́ ìdajì, agbára tó fi ń wọ ara ẹran kò sì ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó gbé jáde lọ. Ìdí nìyí tí a fi máa ń rí ọta lábẹ́ awọ ẹran nígbà mìíràn, tí kò dé ibi tó lè pa á.

Ẹ má ṣe gbára lé nọ́ńbà ara páálí kátíríìjì nìkan, nítorí pé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òǹkà tirẹ̀. Nọ́ńbà 6 ti Amẹ́ríkà fẹ̀ tó milimítà 2.8, ti Gẹ̀ẹ́sì kò ju 2.6 lọ. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ milimítà sí. Bí ọta bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe gbé agbára rẹ̀ jìnnà tó, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ yóò dín kù: nínú kátíríìjì tó gbé gíráàmù 28, nọ́ńbà 6 ti Amẹ́ríkà máa ń tó 220, nọ́ńbà 4 kò ju nǹkan bíi 135 lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láti fi mọ ibi tí ìbọn yín mọ ni kí ẹ yìn ín sí páálí. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta fíríìjì, kí ẹ tọrọ páálí ńlá tó fẹ̀ tó mítà kan àti díẹ̀ níhà gbogbo, kí ẹ kàn án mọ́ igi méjì níwájú òkìtì erùpẹ̀ tó ga, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sàmì sí àárín rẹ̀, ẹ dúró ní mítà 25, ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe àmì náà ni ẹ ó máa wò lẹ́yìn náà. Ẹ wá ibi tí ihò ti pọ̀ jù, ẹ fi okùn àti ìṣó fa àyíká kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 76 yí i ká, kí ẹ wá máa ka ihò tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ máa fi bírò sàmì sí èyí tí ẹ ti kà kí ẹ má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Páálí mìíràn fún mítà 30, òmíràn fún 35, òmíràn fún 40. Yíyìn mẹ́ta ní ìjìnnà kọ̀ọ̀kan ló tọ́, nítorí kátíríìjì méjì inú páálí kan náà kì í fọ́nká bákan náà.

Iye ihò nìkan kò tó. Ẹ gé páálí kékeré kan ní ìrísí ara awó, láìfi ìyẹ́ àti ìrù kún un, kí ẹ máa gbé e káàkiri inú àyíká náà. Ní ìjìnnà tí ẹ bá ti rí àyè kan tí ihò tó bọ́ sábẹ́ rẹ̀ kò pé mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìbọn yín ti parí iṣẹ́ níbẹ̀, ohun yòówù kí ẹni tó tà á fún yín sọ. Lórí páálí tèmi, ní mítà 40, àyè kan wà lápá òsì tí mo fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi lé láìkan ihò kan. Mo dúró, mo ń wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọ̀yà Ọ̀dẹ̀dá.

Àwọn tó ń ṣe ìbọn máa ń fún ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí ọta má baà tètè fọ́nká, èyí tí a ń pè ní ṣóòkù. Nínú ìbọn nọ́ńbà 12 (fífẹ̀ ihò ìbọn ni nọ́ńbà yìí ń sọ, kì í ṣe ti ọta), fífún tó le jù kò ju bíi milimítà kan lọ, síbẹ̀ ìyàtọ̀ tó ń mú wá hàn gedegbe: ní mítà 36 ààbọ̀, ẹnu tí a kò fún rárá máa ń kó nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọta sínú àyíká yẹn, èyí tí a fún gírígírí máa ń kó tó ìdá 70. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì sábà máa ń ní ẹnu kan tó fún ju èkejì lọ, nítorí náà ẹ dán ẹnu méjèèjì wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ti gígùn ìbọn, tí àwọn kan fi ń yangàn, ìwọ̀nba eré díẹ̀ ló ń fi kún ọta. Kò sọ mítà 35 di 50.

Kí ẹ tó lè lo ohun tí páálí bá sọ, ojú yín gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìbọn yín mọ, tó jẹ́ bíi mítà 35 fún tèmi, láìwọ̀n ọ́n. Pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé ló rọrùn jù: ibi àyè gólì tí a ń pè ní éétììnì jìn tó mítà 16 ààbọ̀, méjì rẹ̀ sì jẹ́ mítà 33. Ẹ rìn ín, ẹ ka ìṣísẹ̀ yín. Tèmi jẹ́ mẹ́rìnlélógójì. Lóru, ojú máa ń tan ọdẹ jẹ ju ọ̀sán lọ, pàápàá nígbà tí tọ́ọ̀ṣì orí bá mú kí ojú ẹran máa tàn. Èmi kì í yìnbọn sí ojú tó ń tàn lásán. Mo gbọ́dọ̀ rí ara tó gbé e, torí pé ewúrẹ́ àti ajá onílé náà ní ojú tó ń tàn.

Ní ti ẹyẹ tó ń fò, ọta máa ń lo bí ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé mítà 37. Ẹyẹ tó ń sá ní kìlómítà 60 ní wákàtí yóò ti rìn ju mítà méjì lọ kí ọta tó dé ibẹ̀. Ẹni tí kò lè yìnbọn síwájú ẹyẹ tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú, kí ó fi àparò sílẹ̀ títí yóò fi bọ́ sí mítà 25.

Ọta ńlá tí àwọn kan ń lò fún ẹtu àti ìgalà kò yí ọ̀rọ̀ padà tó bí wọ́n ṣe rò. Mẹ́sàn-án péré ló sábà máa ń wà nínú kátíríìjì kan, bó bá sì ti kọjá mítà 25 tàbí 30, ọ̀kan tàbí méjì ló lè ba ẹran, bóyá ní itan. Kátíríìjì tó gbé ọta kan ṣoṣo tó wúwo lè pa ẹran dé mítà 50 sí 70 nínú ìbọn tí inú rẹ̀ dán, bí ọwọ́ ọdẹ bá balẹ̀. Fún àwọn tó ń lo ṣakabùlà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da ẹ̀tù kún ẹ̀tù nítorí kí ọta lè jìnnà. Irin ìbọn ló máa ń ya, ìka àti ojú ẹni tó yìn ín ló sì máa ń bá a lọ.

Ààlà kejì tún wà tó jìnnà gan-an sí ti àkọ́kọ́. Ọta nọ́ńbà 6 tí kò lè pa awó mọ́ ní mítà 50 ṣì lè rìn dé bíi mítà 220, ọta ńlá ẹlẹ́mẹ̀sán-án lè dé 600 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọta kan ṣoṣo sì lè súnmọ́ kìlómítà kan. Láàárín ààlà méjèèjì yìí ni oko ẹ̀gẹ́ wà, àti ọ̀nà ọlọ́kadà, àti obìnrin tó ń ṣẹ́gi. Ọta wẹ́wẹ́ kan ti tó láti fọ́ ojú ènìyàn. Nílùú tí a fi òkúta sọ lórúkọ, ewu mìíràn tún wà: apáta kì í gba ọta mọ́ra bí erùpẹ̀, ńṣe ló máa ń ta á dànù sí ibi tí a kò fojú sí. Ní apá ibi tí apáta bá ti yọ orí, ẹ má ṣe yìnbọn sí ẹran tó dúró níwájú rẹ̀ tàbí lórí rẹ̀, ì báà súnmọ́ yín. Òfin ohun ìjà ọdún 1959 sì ti sọ pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ní irú ìbọn yìí láìgba ìwé àṣẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìwé yín pé kí ẹ tó dán ohunkóhun wò.

Nísinsìnyí, kí n tó gun ègùn, ibùba ọdẹ lórí igi, nírọ̀lẹ́, mo máa ń ka ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógójì láti ìdí igi náà síhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì máa ń so àkísà funfun mọ́ ẹ̀ka níbi tí mo bá parí sí. Ẹran tó bá dúró lẹ́yìn àkísà, mo máa ń wò ó títí yóò fi jẹun tán tí yóò sì bá tirẹ̀ lọ.